Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Ṣe Àpẹẹrẹ Lórí Rédíò

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ìwé girama ní Èrúwà kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìtìjú tó bá mi jù láyé mi kò ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì kankan. Orí rédíò ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ agbéròyìnjáde fún àwọn èèyàn tí mi ò rí. Mo ti sọ ìtàn náà fún ẹnìkan tàbí méjì, ṣùgbọ́n mo máa ń fo ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní fò ó.

Ẹni tó bá fi ẹnu jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì ló máa mọ̀ pé ẹnu kì í fẹ̀yìn tì bọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi jókòó sílé, ojú fèrèsé ni mo máa ń wà, tí mò ń tún ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kiri ọjà kọjá ṣe fún wọn. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì tiẹ̀ yí ọ̀nà padà nítorí mi. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ rí, tó ti di atọ́kùn ètò ní ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní agbègbè wa, wá bá mi pé kí n máa wá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Mo ṣe bí ẹni tí kò fẹ́. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó wò. Kó tó dé ẹnu géètì, mo ti ń yọ aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ jáde nínú àpótí, bí ẹni pé àwọn tó ń gbọ́ rédíò máa rí aṣọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ohùn mi. Mo lè wà níbi tí mo ti ń ra iṣu tí wọ́n kó wá láti Ìgàngán, kí n ṣì máa ná an, kí oníṣu sì ní, "Ẹ̀yin mà ni Tíṣà orí rédíò." Á wá mú èyí tó tóbi fún mi. Wọn ò bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń fi ẹfun kọ́ ọmọ wọn. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ fẹ́ràn irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní. Ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ ni ìyá wa bí i, ọmọ ọdún márùn-ún ló sì wà nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí. Èmi ni mo gbé e lọ sílé-ìwé, èmi ni mo sì sìn ín dé ilé ọkọ ní Ayétẹ̀, níbi tó ti ń ta oògùn koríko fún àwọn àgbẹ̀. Ní ọdún mẹ́sàn-án tó lò níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló fẹ́ra kù. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ayọ̀ ò jẹ́ ká lè pa á mọ́ra, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni oyún náà sì bàjẹ́ kó tó pé oṣù mẹ́rin.

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ oyún nílẹ̀ wa. A kì í kéde ẹ̀, a kì í sì í bi aboyún pé oṣù mélòó ni. Ẹni tó bá fura á kàn gba ẹrù lórí ẹ̀, á fún un ní àga, á sì ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, títí tí ikùn fi máa sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Àbúrò mi gbà pé àìtẹ̀lé ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì ló kó òun sí wàhálà. Nọ́ọ̀sì ti bá a sọ ọ́ pé kì í ṣe ẹnu èèyàn ló ń ba oyún jẹ́, ó gbọ́, ó sì dúpẹ́. Ó ṣì pinnu pé tí Ọlọ́run bá tún ṣe é, òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó sọ fún mi. Ó wọ mọ́tò wá sí Èrúwà ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mi, ó sì mú ọwọ́ mi lé ikùn ara ẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo máa lanu, ó fi ọwọ́ bò ó. "Àǹtí mi, ẹ̀yin àti ọkọ mi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi gan-an ò mọ̀." Ó ṣàlàyé pé ìyá náà bi òun léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì sọ pé kò sí nǹkan kan, torí pé ìyá náà ti mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún yẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé oyún wà, tí wọ́n sì tún gbọ́ pé ó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ òun parí nílé yẹn nìyẹn. Oṣù díẹ̀ péré ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo fi ìyá wa búra fún un pé kò ní jáde lẹ́nu mi.

Mo pa á mọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí bá mi ka ìyẹn mọ́ ọn, nítorí pé kò rọrùn fún ẹnu bíi tèmi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, atọ́kùn náà ní olùgbọ́ kan fi ìbéèrè ránṣẹ́. Ó fẹ́ mọ ohun tí à ń pe mídíà ní Yorùbá, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ Wásáàpù àwọn ọmọ ìlú òun náà wà lára ẹ̀. Inú mi dùn, torí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Mo ní agbéròyìnjáde ni, ìyẹn ohunkóhun tó bá ń gbé ìròyìn láti ibi kan, tó sì ń gbé e jáde fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ìwé ìròyìn wà níbẹ̀. Rédíò wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣáájú wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, torí pé á sọ tiẹ̀ fún ọ láìdúró gbọ́ tìẹ. Amóhùnmáwòrán wà níbẹ̀, ayélujára náà sì ti wọlé sí i báyìí, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Wásáàpù tí èèyàn pọ̀ níbẹ̀ débi tí wọn ò mọ ara wọn tán.

Mo wá bọ́ sí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń gbádùn ara mi jù. Mo ní tí bàbá àgbàlagbà bá sọ pé "rédíò ti sọ ọ́", ohun tó ń sọ ni pé òótọ́ ni, àríyànjiyàn ti tán. Tí ọ̀dọ́ bá ní òun rí i lórí mídíà, fóònù ọwọ́ ẹ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n tí obìnrin kan bá sọ fún alábàágbé ẹ̀ pé, "Ìwọ yìí, agbéròyìnjáde ni ẹ́," kó yáa mọ̀ pé kì í ṣe pé wọ́n fún un níṣẹ́ o.

Atọ́kùn rẹ́rìn-ín, ó wá bi mí pé kí ló wá ya agbéròyìnjáde sọ́tọ̀ sí olófòófó. Mo ní olófòófó mọ ẹni tó sọ ọ́ fún, ó lè padà lọ bá a, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó má sọ ọ́ mọ́. Agbéròyìnjáde ò mọ ilé ẹni tí òun máa lọ bẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, ó ní kí n fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀, irú èyí tó máa wọ ẹni tó wà lóko lára, torí pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Mo ti kọ àpẹẹrẹ sílẹ̀ láti ilé. Ó dá lórí ẹ̀rọ ìlọta tó bàjẹ́ ní àdúgbò kan. Mo wo ìwé náà, àpẹẹrẹ náà ò dùn lójú mi mọ́. Ohun tó sì kún inú mi láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti dé ọ̀nà ọ̀fun.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ní mo sọ fún ará ilé mi kan pé àbúrò mi tó wà ní Ayétẹ̀, tó ti ń wojú Ọlọ́run láti ọdún mẹ́sàn-án, ti fẹ́ra kù báyìí. Àwa méjì la mọ̀, a lè bò ó. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́ níbí yìí, gbogbo Ìbàràpá ló gbọ́ yẹn. Ohun tó ń jẹ́ agbéròyìnjáde nìyẹn."

Mo rò pé "ẹ jẹ́ ká ní" tí mo fi ṣáájú ti bò ó. Olùkọ́ èdè ni mí, mo mọ iṣẹ́ tí gbólóhùn yẹn ń ṣe nínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ohùn mi sì ti yí padà nígbà tí mo dé ibi "ti fẹ́ra kù". Atọ́kùn gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Ó ní, "Ẹ kú oríire o, Mà. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Àyè ṣì wà fún mi nígbà yẹn. Mo lè sọ pé àpẹẹrẹ lásán ni, kó má ṣì mí gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ní "Àmín". Kì í ṣe ẹ̀rín ẹni tó ṣèèṣì, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n kí kú oríire tó sì ń gbà á ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà tó wà lọ́jà ni mo fọwọ́ ara mi tì í.

N kò tíì dé ilé tí àbúrò mi fi pè. Mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa, ṣùgbọ́n kò bi mí léèrè kankan. Ó ní, "Àǹtí mi, mo gbọ́ yín. Àwọn tó ń bó gbáàgúdá lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi náà gbọ́ yín." Ó sì pa fóònù.

Ẹnu ọkọ ẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Ìyá ọkọ ní ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí lẹ́yìnkùlé, obìnrin bíi méje ló sì jókòó yí òkìtì gbáàgúdá ká láàárọ̀ yẹn, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ létí wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́, gbogbo ọ̀bẹ dúró. Wọ́n dìde, wọ́n ń jó lọ bá ìyá ọkọ, wọ́n ń kọrin fún un, wọ́n sì ń bá a jà pé kí ló dé tó fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún wọn. Kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Ó bá wọn jó. Lẹ́yìn náà ló ṣan ọwọ́, ó lọ bá àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì bi í jẹ́jẹ́ bóyá ẹ̀tọ́ ni kí òun tí òun bí ọkọ ẹ̀ jọ gbọ́ ọ pẹ̀lú àwọn alágbàṣe.

Mo pe atọ́kùn pé kó bá mi yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ojú ewé wọn lórí ayélujára, torí pé wọ́n máa ń gbé ètò wa síbẹ̀. Ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wá sọ fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé èyí tó ti wà nínú fóònù àwọn èèyàn, òun ò ní agbára lé e lórí.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ sí Ayétẹ̀ láti lọ bẹ̀bẹ̀. Nínú mọ́tò tó gbé wa láti Èrúwà lọ sí Igbó-Ọrà, ọkùnrin tó jókòó níwájú mi ń gbọ́ ohùn kan nínú fóònù ẹ̀, èmi ni. Mo gbọ́ ara mi tí mò ń ṣàlàyé bí ẹni tí ọgbọ́n ń dà lára ẹ̀, mo sì gbọ́ ẹ̀rín náà. Ọkùnrin náà yí i sẹ́yìn, ó tún un gbọ́, ó sì sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé ìyá yìí mọ Yorùbá gan-an. Kò sí ẹni tó wo ojú mi. Mo fi gèlè mi bo ẹnu, mo sì gun ọ̀kadà láti Igbó-Ọrà dé Ayétẹ̀.

Ìyá ọkọ àbúrò mi gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún mi lómi, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Ó jù mí lọ díẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tó kún fún èèpo gbáàgúdá, mo ní kó foríjì mí, kó sì má fi ọ̀rọ̀ mi jẹ ọmọ mi níyà. Ó ní kí n dìde, pé àna kì í kúnlẹ̀ pẹ́. Mo ní mo fẹ́ rí àbúrò mi. Ó ní kò sí nílé, pé ọkọ ẹ̀ ti gbé e lọ síbi tó ti máa sinmi títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀.

"Níbo ni, Mà?" ni mo bi í.

"Wọn ò sọ fún mi," ló dáhùn. Ó ń gbọn èèpo kúrò lára ìró mi bó ṣe ń sọ ọ́. "Mo ti ra bátìrì sínú rédíò. Bóyá a máa gbọ́ ọ níbẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ó yẹ kó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ni mo fi rédíò sílẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo múra, mo lọ. Mo sọ fún ara mi pé tí mi ò bá lọ, àwọn èèyàn máa mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tó gbé mi lọ ni pé mo fẹ́ kí wọ́n tún pè mí ní Tíṣà. Àwọn olùgbọ́ ń pè, wọ́n ń gbàdúrà fún àbúrò mi, èmi sì ń ṣe àmín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé kẹta, ọkùnrin kan pè. Ó dúpẹ́ fún ètò náà, ó sì ní, "Mà, àbúrò yín yẹn ńkọ́, oṣù mélòó ni báyìí?"

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò jẹ́ bi àbúrò mi lójú ni ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí bi mí ní gbangba, kò sì rí àìdáa kankan níbẹ̀, torí èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo bọ́ ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ohùn kúrò létí, mo gbé e sórí tábìlì, mo sì jáde. Atọ́kùn sọ fún àwọn olùgbọ́ pé iná ló já wa kulẹ̀. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá mọ ohun tí ìdákẹ́ ń ṣe fún èèyàn. Àbúrò mi ò gbé fóònù mi. Tí mo bá pe ọkọ ẹ̀, á ní, "A dúpẹ́, Mà," kò sì ní fi kún un. Mi ò lè bi ẹlòmíràn, torí pé bí mo bá ṣe ń béèrè ni mò ń tún un kéde. Nígbà tí mo bá ti rí nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ lórí fóònù mi, mo máa ń jẹ́ kó dún tán. Ẹ̀rù tó ń bà mí kò lórúkọ méjì. Tí oyún yẹn bá bàjẹ́, nọ́ọ̀sì lè ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú, àbúrò mi á gbà pé èmi ni, èmi náà á sì gbà bẹ́ẹ̀.

Oyún náà ò bàjẹ́. Ọkọ ẹ̀ pè mí ní ọ̀sán kan pé kí n bá wọn dúpẹ́, ó bí ọkùnrin. Mo ń sunkún, mo ń yin Ọlọ́run, mo wá bi í pé ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ. Ó ní wọ́n ti ṣe é láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Àáfà ti wá, àwọn aládùúgbò ti jẹ, àwọn obìnrin tó ń bó gbáàgúdá náà ti jẹ. Èmi tí mo pọn ìyá ọmọ ni wọn ò pè. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló fún ọmọ ní oríkì, nítorí pé òun àti àbúrò mi ti parí ìjà láàárín ara wọn kí ikùn tó yọ. Inú mi dùn fún un, ó sì tún dùn mí.

Nígbà tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, ó gbé e wá sí Èrúwà. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi. Kò bú mi, kò yọwọ́, ó bi mí bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń dùn mí. Mo rọra bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbàgbé ẹ̀, ó sì tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Bí ọmọ náà ṣe rí ojú àjèjì, ó figbe ta. Mo ń gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, mo sì fẹ́ fi oríkì ẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí gbogbo àgbà ṣe ń ṣe. Mo ní kí ló ń jẹ́.

Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ orúkọ tí àáfà pè."

"Mo ti gbọ́ ọ. Oríkì ẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń ká ọ̀já ẹ̀, kò sáré. "Ẹ jẹ́ kó dàgbà ná, Àǹtí mi. Tó bá wù ú, á sọ ọ́ fún yín fúnra ẹ̀."

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Wọ́n máa ń wá kí mi, mo sì máa ń pè é ní ọkọ mi, ọkọ mi, títí àwọn aládùúgbò á fi máa sọ pé ìyá yìí mà fẹ́ràn ọmọ yìí o. Òótọ́ ni, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń sunkún, tí ìyá ẹ̀ fẹ́ rẹ̀ ẹ́, á gbé e mọ́ra, á gbé ẹnu sún mọ́ ọn, á sì sọ oríkì ẹ̀ sí i létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, èmi tí mo jókòó tì wọ́n á sì gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan títí á fi sọ ọ́ tán.